Idì padà sódò Tennessee, kí ló dé tí mọ́sẹ́lì kò padà?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí wá láti ọwọ́ ìyá kan tó ń gbé ní Knoxville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ọmọ mi obìnrin ní kí wọ́n kọ àròkọ tí wọn yóò ti fi idì olórí funfun wé mọ́sẹ́lì (mussel), ẹran oníkarahun méjì inú odò. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti kan ara wọn. Ọ̀kan ń fò lójú ọ̀run, èkejì wà nínú yanrìn ìsàlẹ̀ omi tí kì í kúrò lójú kan. Ọmọ náà tún wá bi mí pé ṣé ó tọ́ kí ìjọba máa náwó lé mọ́sẹ́lì bó ṣe ń náwó lé idì. Ẹnu mi wọhò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Olùkọ́ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí ìlú tí ẹ wà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ti bi ọmọ ní irú ìbéèrè yìí. Níbẹ̀ ni odò Holston àti odò French Broad ti pàdé, tí wọ́n di odò Tennessee. Lórí odò yìí, idì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá rí, ó sì padà wá. Nínú odò kan náà àti àwọn odò tó ń ṣàn wọnú rẹ̀, ẹ̀yà mọ́sẹ́lì kan ti lọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́. Òfin kan náà ni ìjọba fi dáàbò bo àwọn méjèèjì. Ìdí tí ọ̀kan fi là á já tí èkejì kò fi là á já ni kí ọmọ yín gbé àròkọ rẹ̀ kà. Bó bá kàn kọ ọ́ pé ọ̀kan ní ìyẹ́, èkejì ní ìkarahun, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ idì bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ó ti wà lórí èdìdì ìjọba Amẹ́ríkà láti ọdún 1782, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà. Tó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó lé ní mítà 2, abo sì tóbi ju akọ lọ. Ẹja ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Ó lè fi èékánná gbé e lójú omi fúnra rẹ̀, ó lè já a gbà lọ́wọ́ ẹyẹ mìíràn tó ti pa á, ó sì lè jẹ òkú ẹja tí omi gbé sí etí odò. Ìwà jíjá nǹkan gbà yìí bí Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, nínú débi pé, nínú lẹ́tà tó kọ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ọdún 1784, ó ní ẹyẹ oníwà burúkú ni. Èmi ò bá a dá ẹyẹ lẹ́bi nítorí oúnjẹ.

Tọkọtaya idì a máa lo ìtẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn a sì máa fi igi kún un lọ́dọọdún. Wọ́n wọn ọ̀kan rí nítòsí St. Petersburg, ní Florida: ó fẹ̀ tó mítà 2.9, ó jìn tó mítà 6, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé yóò wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Inú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni abo ń yé ẹyin 1 sí 3. Òun àti akọ jọ ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35, wọ́n jọ ń bọ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 kó tó lè fò, orí ọmọ náà kò sì ní funfun títí yóò fi pé nǹkan bí ọmọ ọdún 5. Ọmọ díẹ̀, ìtọ́jú púpọ̀. Kí ọmọ yín kọ ìyẹn sílẹ̀, yóò wúlò fún un níwájú.

Mọ́sẹ́lì kò lórí. Kò lójú, kò sì létí. Ara rẹ̀ rọ̀, ó wà láàárín ìkarahun méjì tí iṣan alágbára ń pa dé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ló sì fi ń rì ara rẹ̀ sáàárín yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rí i lábẹ́ omi lè rò pé òkúta ni. Ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni òkúta yìí ń ṣiṣẹ́. Ojú ihò kan ló ti ń fa omi wọlé, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń tú u jáde lójú ihò kejì, bí ẹni ń sẹ́ ògì, àfi pé èérí inú omi náà ni òun ń jẹ, omi tó mọ́ ló sì ń dà padà sódò. Àgbà mọ́sẹ́lì kan lè sẹ́ omi tó lítà 40 lójúmọ́. Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá tẹ́ sí nísàlẹ̀ odò, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún odò náà ju èyí tí ẹ̀rọ ènìyàn lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbẹ́ wọn ń bọ́ kòkòrò omi, kòkòrò ń bọ́ ẹja, ẹja sì ń bọ́ idì.

Wọ́n tún máa ń pẹ́ láyé. Idì tó dàgbà jù tí wọ́n mọ̀ nínú igbó pé ọdún 38. Ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ ní 1977, ọkọ̀ ló sì pa á ní 2015. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mọ́sẹ́lì ń kọjá ọdún 50, àwọn tó ń ṣe péálì nínú odò tútù ilẹ̀ Scotland àti Sweden sì ń kọjá 100. Ó ṣeé ṣe kí mọ́sẹ́lì kan tó wà lónìí nínú odò Clinch, tó ń ṣàn wọnú odò Tennessee, ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá àgbà ọmọ yín.

Bí mọ́sẹ́lì ṣe ń bímọ ni mo fẹ́ fi àkókò sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọra. Akọ ń tú àtọ̀ sínú omi, omi ń gbé e lọ, abo tó wà nísàlẹ̀ a sì fà á wọlé pẹ̀lú omi tó ń sẹ́. Ọmọ wínníwínní tó ń jáde nínú ẹyin rẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, nínú àwọn ẹ̀yà kan wọ́n lé ní mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò lè dá wà. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹja, kó rọ̀ mọ́ ibi pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ibi tí ẹja fi ń mí. Níbẹ̀ ni yóò wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ara rẹ̀ yóò máa yí padà, kó tó já bọ́ sísàlẹ̀ odò láti bẹ̀rẹ̀ ayé tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí ẹja, ikú ni. Kì í sì í ṣe ẹja èyíkéyìí: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mọ́sẹ́lì ló jẹ́ pé irú ẹja kan tàbí méjì péré ni ọmọ wọn lè gbé lára rẹ̀.

Báwo wá ni ẹran tí kò lórí, tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, ṣe ń pe ẹja wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀? Àwọn kan tó wà nínú ìdílé Lampsilis ní ẹran pẹlẹbẹ létí ìkarahun wọn tó dà bí ẹja kékeré gan-an. Ó ní ìrù, ó ní àmì dúdú tó dúró bí ojú, abo náà á sì máa mì í bí ẹni pé ẹja kan ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹja ńlá a sáré wá gbé e jẹ, ojú ẹsẹ̀ ni ìyá yóò sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ rò ó wò: ìyá tí kò lójú rárá ló ya ojú sí ara rẹ̀, tí ó fi tan ẹni tó lójú. Èyí tí wọ́n ń pè ní snuffbox, tó ṣì wà nínú odò Clinch lápá òkè ọ̀dọ̀ yín, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja kan wà tó ń jẹ́ logperch tó máa ń fi imú yí òkúta kiri láti wá oúnjẹ. Snuffbox á la ẹnu sílẹ̀ dè é. Bí ẹja náà bá fi imú kàn án, gbà! ìkarahun pa dé mọ́ ọn lórí. Mọ́sẹ́lì náà á di orí ẹja mú, á tú ọmọ sí i lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà á jẹ́ kó lọ. Agbárí logperch le tó láti fara da á. Àwọn ẹja kéékèèké mìíràn kì í yè é.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wọn kan ara wọn, mà, ó kan ara wọn gidigidi. Ẹja ni àwọn méjèèjì gbójú lé: idì nílò rẹ̀ láti jẹ, mọ́sẹ́lì nílò rẹ̀ láti bímọ. Ohun kan tún wà tí mo rò pé inú ọmọ yóò dùn sí. Ohun tí èèpo ẹyin idì fi le àti ohun tí ìkarahun mọ́sẹ́lì fi le, ọ̀kan náà ni: kálíṣíọ̀mù ni, lóríṣi kan náà tó wà nínú ẹfun. Níbi èèpo ẹyin yẹn gan-an ni wàhálà idì ti wọlé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni oògùn apakòkòrò DDT gbòde. Wọ́n fọ́n ọn sí oko, wọ́n fọ́n ọn sí irà nítorí ẹ̀fọn, òjò sì wọ́ ọ lọ sódò. Kòkòrò omi jẹ ẹ́, ẹja kékeré jẹ kòkòrò, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ó sì ń pọ̀ sí i nínú ọ̀rá ẹni tó bá jẹ ẹnìkejì rẹ̀, títí ó fi dé ara idì tó jẹ wọ́n lápapọ̀. Kò pa idì lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí kálíṣíọ̀mù tó nígbà tí abo bá ń ṣe èèpo ẹyin. Èèpo náà fẹ́lẹ́. Ìyá jókòó lé ẹyin láti pa á, ẹyin sì fọ́ mọ́ ọn nídìí. Ní ọdún 1963, tọkọtaya 417 péré ni wọ́n rí kà nínú ìpínlẹ̀ 48 tó wà lójú kan, láìka Alaska àti Hawaii. Ní Tennessee yín, láti 1961 títí di 1983, kò sí ìtẹ́ idì kan tí ọmọ ti jáde láṣeyọrí.

Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pa idì ti wà láti ọdún 1940, ṣùgbọ́n òfin tó ń lé ọdẹ kò lè lé oògùn. Ọdún 1972 ni ìjọba fòfin de DDT. Lóṣù Kejìlá ọdún 1973, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin ńlá tó ń dáàbò bo gbogbo ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparẹ́. Láti 1980 ní Tennessee, wọ́n ń kó ọmọ idì wá láti ibòmíràn, wọ́n ń gbé wọn sínú àgọ́ gíga ní Land Between the Lakes àti ní adágún Reelfoot, wọ́n ń bọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n rí ènìyàn, títí wọ́n fi fò lọ. Ó ṣiṣẹ́. Ní 2007, nígbà tí wọ́n yọ idì kúrò nínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu, tọkọtaya tí wọ́n kà ti di 9,789. Ìròyìn tí ìjọba gbé jáde ní 2021 ní wọ́n ti tó 71,400 tọkọtaya, gbogbo idì lápapọ̀ sì jẹ́ 316,700. Kì í ṣe pé wàhálà wọn tán pátápátá: òjé inú ọta ìbọn tó bá kù sínú òkú ẹran ìgbẹ́ ṣì ń wọ̀ wọ́n lára, ó sì ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà.

Ti mọ́sẹ́lì ti pẹ́ ju ti DDT lọ. Ní 1891, ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ John Boepple dá ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì sílẹ̀ ní Muscatine, ní Iowa, létí odò Mississippi. Inú ìkarahun mọ́sẹ́lì ló ti ń gé bọ́tìnnì jáde. Nígbà tó di 1905, ìlú kan ṣoṣo yẹn ń ṣe bọ́tìnnì tó bílíọ̀nù 1.5 lọ́dún. Wọ́n kó mọ́sẹ́lì ní odò kan tẹ̀lé òmíràn débi pé ní 1908 ìjọba ní láti dá ibùdó sílẹ̀ ní Fairport, ní Iowa kan náà, láti máa sin wọ́n. Nígbà tí ike dé, òwò náà kú. Ìkónípa yẹn burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Odò tí wọ́n kó mọ́sẹ́lì rẹ̀ ku díẹ̀ ṣì jẹ́ odò, àwọn tó kù lè bímọ.

Dáàmù ló parí rẹ̀.

Ẹ wo Muscle Shoals ní Alabama, nísàlẹ̀ odò tó ń ṣàn kọjá ní Knoxville. Nígbà àtijọ́, omi ibẹ̀ máa ń sáré lórí àpáta pẹrẹsẹ, kò jìn, atẹ́gùn sì wọnú rẹ̀ dáadáa. Nǹkan bí ẹ̀yà mọ́sẹ́lì 70 ló ń gbé níbẹ̀. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn láyé tí wọ́n pọ̀ lóríṣiríṣi tó bẹ́ẹ̀. Ní 1924 wọ́n parí dáàmù Wilson lórí rẹ̀. Dáàmù Norris tẹ̀lé e ní 1936, lórí odò Clinch, kò jìnnà sí ilé yín. Lónìí, dáàmù 9 ló dí odò Tennessee fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn dáàmù di adágún: omi jìn, kò sáré mọ́, ẹrẹ̀ rọra ń bo òkúta wẹ́wẹ́ tí mọ́sẹ́lì ń gbé. Iwájú dáàmù, omi tí wọ́n ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún tutù rinrin, kò sì ní atẹ́gùn tó pọ̀. Àwọn ẹja tó ń gbé ọmọ mọ́sẹ́lì kò sì lè kọjá ògiri.

Àwọn àgbà mọ́sẹ́lì kò kú lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n ń pẹ́ láyé, nítorí náà wọ́n jókòó sínú odò tí ẹja wọn ti fi sílẹ̀ fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún. Abo ń tú ọmọ sínú omi, ọmọ kò rí ẹja, ọmọ ń kú. Ẹni tó bá kà wọ́n nígbà náà yóò sọ pé wọ́n ṣì pọ̀. Kò sí ọmọdé kan láàárín wọn.

Òfin ọdún 1973 dé bá wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1976 wọ́n kọ àwọn mọ́sẹ́lì kan sínú ìwé náà, lára wọn ni yellow-blossom, tubercled-blossom, turgid-blossom àti green-blossom. Yellow-blossom, ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni rí i ni 1967. Tubercled-blossom, 1969. Turgid-blossom, láàárín ọdún 1960 sí 1970 náà ni. Wọ́n ti lọ kí òfin tó mọ orúkọ wọn. Green-blossom nìkan ló ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà, odò Clinch ni wọ́n sì ti rí i kẹ́yìn, ní 1982. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba yọ ẹ̀dá 21 kúrò nínú ìwé nítorí pé wọ́n ti parẹ́ láyé. Mọ́sẹ́lì ni 8 nínú wọn, mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yọ orúkọ idì ní 2007, ayọ̀ ni; bí wọ́n ṣe yọ ti àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yín dúró sí pẹ́ nínú àròkọ rẹ̀ nìyí: dáàmù tó pa mọ́sẹ́lì, ó bọ́ idì. Idì fẹ́ràn omi gbalasa tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ àti igi gíga létí rẹ̀, adágún ẹ̀yìn dáàmù sì ní méjèèjì. Nígbà òtútù, tí omi ibòmíràn bá di yìnyín, omi abẹ́ dáàmù ṣì ń ṣàn, ẹja tí ẹ̀rọ iná mànàmáná bá lù dákú á léfòó, idì á kóra jọ síbẹ̀. Ní adágún Douglas, nítòsí yín, wọ́n tú ọmọ idì sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Dáàmù ló ṣe adágún náà. Tí ẹ bá gbé ọmọ lọ wo idì níbẹ̀, ó ń wo ẹyẹ tí wọ́n gbà là lórí omi tó bo ilé mọ́sẹ́lì mọ́lẹ̀.

Nípa báyìí, ohun tó fa ìyàtọ̀ kì í ṣe pé ọ̀kan lágbára, èkejì sì jẹ́ ọ̀lẹ. Ìṣòro idì jẹ́ májèlé kan, ìjọba sì lè fi òǹtẹ̀ kan dá a dúró. Nígbà tí májèlé lọ, odò àti igi ṣì wà níbi tí wọ́n wà, idì tó bá sì kù ní Minnesota tàbí Alaska lè fò wá. Ìṣòro mọ́sẹ́lì ni pé wọ́n ti yí odò fúnra rẹ̀ padà. Kò lè fò wá láti ibikíbi. Iná tí ẹ ń tàn nílé, ọkọ̀ ojú omi, àti ìlú tí àgbàrá kì í gbé lọ mọ́, gbogbo rẹ̀ so mọ́ dáàmù wọ̀nyẹn, èmi ò sì ní sọ fún yín pé kí wọ́n lọ wó Norris lọ́la.

Ní ilẹ̀ wa náà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Idì ajẹja ilẹ̀ Áfíríkà, tó funfun lórí láyà, tó ń ké létí odò àti adágún ńlá, ìbátan ti Amẹ́ríkà yẹn ni. Nínú odò Pendjari ní Benin, àwọn ènìyàn ń kó oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, Etheria, wọ́n ń jẹ ẹ́. Lórí Volta ní Ghana, lẹ́yìn dáàmù Akosombo ti 1965 àti ti Kpong tó tẹ̀lé e, ibi tí wọ́n ti ń kó oníkarahun odò kéré sí ti àtijọ́ gan-an, ó kù sí apá ìsàlẹ̀ odò.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ fún ọmọ pé owó náà kò dọ́gba rárá. Nínú ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ná lórí ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ẹja salmon àti steelhead ló ń kó apá tó pọ̀ jù. Mọ́sẹ́lì ń gba díẹ̀ tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn tó sún mọ́ ìparun jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá bi mí bóyá ó tọ́ kí wọ́n náwó lé e, ìdáhùn mi ni pé kò tíì tó. Mi ò sọ ọ́ nítorí àánú nìkan. Níbi tí wọ́n bá ti gbìyànjú, ó ń so èso.

Odò Duck, tó wà ní àárín Tennessee, ni ẹ̀rí mi. Ilé iṣẹ́ TVA, ti ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn dáàmù odò Tennessee, ń kọ́ dáàmù kan sórí rẹ̀ ní Columbia láti 1973. Mọ́sẹ́lì méjì tó wà nínú ewu, birdwing àti Cumberland monkeyface, wà níbi tí omi yóò bò. Iṣẹ́ dúró ní 1983, ní 1999 wọ́n sì wó ògiri tí wọ́n ti kọ́ dé ìdajì. Lókè odò náà, ní dáàmù Normandy, TVA bẹ̀rẹ̀ sí í fi atẹ́gùn kún omi tí wọ́n ń tú jáde láti ọdún 1991 wá, wọn kò sì jẹ́ kí omi gbẹ mọ́ nísàlẹ̀. Mọ́sẹ́lì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Odò Duck ṣì ní ju ẹ̀yà 50 lọ títí di òní. Mi ò mọ owó ìjọba tó ṣe rere jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀dá tí kò lè dìbò.

Odò Clinch náà ń jà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ọkọ̀ akẹ́rù kan dojú dé ní Cedar Bluff, ní Virginia, kẹ́míkà tó gbé sì ṣàn wọnú odò. Ó pa mọ́sẹ́lì tó 7,000. Idì lè sá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mọ́sẹ́lì kò lè sá. Láti 2016 sì ni àrùn kan ti ń pa èyí tí wọ́n ń pè ní pheasantshell lọ́pọ̀ yanturu, àwọn olùwádìí sì ti rí fáírọ́ọ̀sì kan lára àwọn tó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀, ní Blacksburg àti ní Marion, ní Virginia, àwọn ènìyàn wà tí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ ni kí wọ́n kó ọmọ mọ́sẹ́lì wínníwínní lé ẹja lára nínú agbada omi, kí wọ́n dúró de ìgbà tí yóò já bọ́, kí wọ́n tọ́ ọ fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n wá fi ọwọ́ gbìn ín padà sínú odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ idì sínú àgọ́ gíga ní 1980 ni àwọn náà ṣe ń ṣe é, àfi pé kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò wọn.

Kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó fẹ́ kọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé McClung, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Tennessee níbẹ̀ ní Knoxville. Àkójọ ìkarahun mọ́sẹ́lì ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí ẹ lè mọ ohun tí wọn yóò lè fi hàn yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tí omi bá lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lọ sí etí odò Clinch. Yóò rí ìkarahun òfìfo lórí iyanrìn, yóò sì wù ú láti mú un lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kó mú un. Ara àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu ni púpọ̀ nínú wọn, òfin kò sì gba kí ẹnikẹ́ni tí kò níwèé àṣẹ mú wọn, ìbáà jẹ́ òkú ìkarahun, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe gbà kí ènìyàn mú ìyẹ́ idì kan ṣoṣo tó já bọ́ sílẹ̀. Kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó ya fọ́tò rẹ̀ níta àti nínú, kó ka ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì dá a padà sí ibi tó ti rí i. Tó bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ẹ̀yà tó jẹ́ fún un kó tó fi àròkọ rẹ̀ sílẹ̀.